Bí A Ṣe Kan Àpótí Géèmù Ayé Àtijọ́ Nínú Ilé Wa

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní Dei-Dei, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó àti irin ìkọ́lé ní Àbújá, bàbá mi ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó wo pákó tí káfíńtà tẹ́ sílẹ̀, ó ní, “Ó wọ́.” Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, yíjú sí mi. Ó fẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun. Mi ò túmọ̀ rẹ̀, mo ní kó bi Bàbá fúnra rẹ̀. Bàbá fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti igun pákó kan dé ìkejì, ó fi ibi tí pákó ti tẹ̀ kúrò lójú okùn hàn án. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí káfíńtà bí ẹni tó ti ń ra pákó láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní, “Ó wọ́.” Wọ́n gbé pákó mìíràn wá.

Kubwa ni à ń gbé. Ẹni tó bá mọ Kubwa mọ̀ pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń ṣeré níta. Gẹ̀ẹ́sì, Háúsá àti píjìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tún Yorùbá tí àwọn ẹlòmíràn kọ ṣe kó tó jáde, mo sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí mo bá bá ọmọ tèmi sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ẹ má bi mí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ títí ìyá mi fi kú, tí bàbá mi sì kó wá bá wa láti Òṣogbo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ọmọ mi fẹ́ ṣe dáadáa. Ó lọ bá a ní pálọ̀, ó ní, “Bàbá, ṣé o ti jẹun?” Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ti jẹun, kò sì sọ ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ọmọ náà kò rí i fín o. Yorùbá tó gbọ́ jù lọ láti kékeré ni èyí tí mo fi ń bá òun wí: ṣé o ti jẹun, ṣé o ti wẹ̀, lọ mú bàtà rẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ sí i ló sọ padà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń yẹra fún ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àlejò méjì tó ń dúró de dókítà. Ọ̀kan á wà nídìí fóònù, èkejì á wà nídìí rédíò.

Fóònù yẹn náà ló mú ọ̀rọ̀ àpótí géèmù wá. Ọmọ náà rí fídíò ọkùnrin kan tó ń kan irú ẹ̀rọ géèmù tó máa ń wà ní àwọn ilé ìṣeré láyé àtijọ́, èyí tó dúró bí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní tẹlifíṣàn lókè, tó sì ní ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì lórí pẹpẹ nísàlẹ̀. Ó béèrè bóyá àwa náà lè kan án. Mo ti ń lanu láti sọ pé rárá nígbà tí Bàbá béèrè ohun tí à ń wò. Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Àpótí tí tẹlifíṣàn wà nínú rẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀ tí a ò lè ṣe?” Ó yẹ kí n sọ fún yín pé bàbá mi fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe ní Òṣogbo, kó tó di pé àwọn ènìyàn ń ju tẹlifíṣàn nù dípò kí wọ́n gbé e lọ ṣe.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ní 1972 ni ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé Pong jáde, géèmù tí ènìyàn méjì fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì lójú tẹlifíṣàn. Owó ẹyọ ni wọ́n ń sọ sínú ihò kí ẹ̀rọ tó gbà fún wọn. Ní 1978, Tomohiro Nishikado ní Japan ṣe Space Invaders fún ilé iṣẹ́ Taito. Ní 1980, Toru Iwatani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Namco ṣe Pac-Man, ohun róbótó tó ń lanu jẹ ẹ̀kán kéékèèké káàkiri ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ. Donkey Kong ti Nintendo tẹ̀lé e ní 1981. Géèmù kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí géèmù kan bá sú á rìn lọ sídìí àpótí mìíràn.

Èmi ò rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ sójú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ohun tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ni yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkùnrin kan gbé tẹlifíṣàn méjì àti Sega sí, tí àwọn ọmọ ń sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kan páàdì. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló ń gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ wá bó bá bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí àyè ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn, èmi ọmọbìnrin kan láàárín ọkùnrin mẹ́jọ.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju káàdì tí à ń fi gba owó ní báǹkì lọ lè ṣe iṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpótí wọ̀nyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni Raspberry Pi, tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 2012. Torí kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣe ṣe é. Ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà máa hùwà bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ni MAME, tí Nicola Salmoria, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú kò tilẹ̀ nílò láti ra Raspberry Pi. Láptọ́ọ̀pù náà tó.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa pinnu ni bí àpótí yóò ṣe tóbi tó. Èyí tó dúró nílẹ̀ ga tó àgbàlagbà, ó wúwo, ó sì ń gba odidi pákó pílàì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì kò gbà tó ìdajì. Ẹni tó ń gbé inú fúláàtì bíi tiwa, tí onílé lè ní kó kó jáde nígbàkígbà, kó ṣe ti orí tábìlì. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: Bàbá lè jókòó sórí àga, kí ọmọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ àwọn méjèèjì sì bára mu lórí pẹpẹ.

Pákó pílàì tó nípọn tó mìlímítà 18 la rà. MDF dín owó, ojú rẹ̀ sì ń dán, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án ó máa ń wú bí búrẹ́dì inú tíì, eruku rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e kò sì dára fún èémí. Ẹni tó bá máa lò ó kó fi nǹkan bo imú, kó sì gé e níta.

Kí a tó gé ohunkóhun, a kọ́kọ́ fi páálí fíríìjì ṣe gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni àwọn tó ń ṣe fídíò máa ń fò. Ẹ wọn mọ́nítọ̀ yín ná, nítorí òun ló máa sọ bí inú àpótí yóò ṣe fẹ̀ tó. Tiwa wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Bàbá àti ọmọ dúró sídìí páálí náà bí ẹni tó ń ṣeré lóòótọ́, ìgbọ̀nwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́. Bàbá ní kí a fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kún un. A fi kún un, ó sì di 64. Ojú tẹlifíṣàn kò gbọ́dọ̀ dúró gangan. Ó ní láti rọ̀gbọ̀kú díẹ̀ sẹ́yìn kí iná àjà má bàa máa tàn lójú rẹ̀, kí ọrùn má sì ro ẹni tó ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Bàbá gbé tẹlifíṣàn kan wá láti Òṣogbo, ti ínṣì 21, onídìí ńlá, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé òun ni a máa lò, torí irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe àwọn géèmù náà fún, àwòrán wọn sì ń dára lójú rẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kó tó lè wọ inú àpótí, a ní láti bọ́ ike ara rẹ̀ sílẹ̀. Iná tó ń lọ sára ìgò tẹlifíṣàn aláwọ̀ lè lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fóólítì, ó sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ó wá sọ ìtàn ọjọ́ tí iná náà gbé òun sọ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kò dájú pé ọmọ mi gbọ́ tó ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá dìde tó fẹ̀yìn gbá ògiri pálọ̀ wa gbì, ó yé e. Ó ní kí Bàbá tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú èrò mi bá wà lọ́kàn yín, ẹ má ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn onígò, kódà bó jẹ́ pé àná lẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò. A ra tòkunbọ̀ onínṣì 19 kan, irú èyí tí gígùn àti ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí àwọn ọ́fíìsì ti pa tì. Kò wọ́n, ó sì bá àwọn géèmù àtijọ́ mu ju èyí tó fẹ̀ lọ, nítorí àwòrán tiwọn kì í fẹ̀. Ihò skúrúù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀, mìlímítà 100 ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. A dá ihò mẹ́rin bẹ́ẹ̀ sára igi kan, a dè é mọ́ ọn, a sì gbé igi náà dábùú inú àpótí.

Gígé pákó kò gba àkókò. Bàbá ní kí káfíńtà fi ìṣó kéékèèké so pákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kó gé wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè bá ara wọn mu, kó wá yọ ìṣó lẹ́yìn náà. Gọ́ọ̀mù pákó àti skúrúù la fi tò ó pọ̀.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni ihò bọ́tìnnì. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo tẹ̀lé jẹ́ ti bọ́tìnnì irú ti Amẹ́ríkà, tí ihò wọn jẹ́ mìlímítà 28. Ẹnu dírílì ìwọ̀n yẹn ni mo rà. Bọ́tìnnì tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú ti Japan: mìlímítà 30 fún àwọn tí wọ́n fi ń ṣeré, 24 fún àwọn kéékèèké tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ géèmù. Mi ò wò ó. Mo dá ihò méjìlá sí ojú pẹpẹ kí n tó gbìyànjú bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Kò wọlé. Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ ra pákó tuntun. Bàbá gba pẹpẹ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ó há ni. Ohun tó há ṣì ṣe é ṣe. Bó bá ṣe pé ó dẹ̀ ni, à bá sọ̀rọ̀ mìíràn.”

Ó wé sáńpépà mọ́ igi róbótó kan, ó fún ọmọ mi. Alẹ́ ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń ha ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á ha á, á ki bọ́tìnnì bọ̀ ọ́, á wo ojú Bàbá.

“Ó há.”

“Tún ha á. Díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kó dẹ̀.”

“Ńkọ́ báyìí?”

“Ó kù díẹ̀.”

Nígbà tí èkíní wọlé, Bàbá ní, “Ó ṣe rẹ́gí.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ìdáná ni mo wà, mo ń gbọ́ wọn. Mo ti ra ìwé alárànbarà oríṣiríṣi fún ọmọ yìí, èyí tó ní àwòrán ajá, ológbò àti ilé. Kò sí èyí tó kọ́ ọ ní há, dẹ̀, wọ́, yẹ̀, rẹ́gí àti ṣinṣin nínú wọn. Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í wọ inú ìwé ọmọdé, nítorí ẹni tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan ló ń lò wọ́n. Ọmọ tí kò bá rí ẹni ṣe nǹkan ní Yorùbá kò ní gbọ́ wọn.

Fún ìyókù ihò, mo ra ẹnu dírílì tó tọ́. Àpapọ̀ bọ́tìnnì jẹ́ mẹ́rìndínlógún: ẹnìkan ní mẹ́fà láti fi ṣeré, ọ̀kan láti fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láti fi ṣe bí ẹni tó sọ owó sínú ẹ̀rọ. Ọ̀pá ìdarí méjì ló wà. Bọ́tìnnì kì í ṣe ohun ìyanu. Ẹsẹ̀ irin méjì ló ní, bí a bá tẹ̀ ẹ́ wọ́n á kan ara wọn. Inú ọ̀pá ìdarí ní mẹ́rin irú rẹ̀, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Wáyà láti ara gbogbo wọn ń lọ sára pátákó kékeré kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, pátákó náà sì ń wọ kọ̀ǹpútà láti ojú ihò USB. Kò sí ohun tí ẹ máa fi lẹ́ẹ̀dì jó nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí. Ẹ ṣáà máa kọ nọ́ńbà sára wáyà kọ̀ọ̀kan.

Bàbá kò gbà kí a dè wọ́n mọ́lẹ̀ kó tó fi mítà rẹ̀ wò wọ́n. Ọmọ ń tẹ̀ ẹ́, Bàbá ń gbọ́ ohùn mítà. “Tẹ̀ ẹ́. Fi sílẹ̀. Òmíràn.” Ìgbà mẹ́rìnlélógún. Bọ́tìnnì kan kò fọhùn. Ọmọ náà ní, “Ó ti kú,” Bàbá sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó tà á fún wa pàrọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti kan gbogbo rẹ̀ pa ká tó mọ̀ ni, ẹ̀yìn àpótí la ò bá tún ṣí.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa géèmù fúnra wọn, torí àwọn òǹtàjà kan máa fi káàdì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù wà nínú rẹ̀ lọ̀ yín. Àwọn géèmù wọ̀nyẹn ní olówó wọn. Pé wọ́n ti pẹ́ kò sọ wọ́n di ti gbogbo ayé, ẹni tó sì ń ta káàdì náà kọ́ ló ni wọ́n. Àwọn kan wà tí àwọn tó ni wọ́n ti yọ̀ǹda pé kí ènìyàn máa lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí kì í bá ṣe fún òwò. Gridlee àti Robby Roto wà lára wọn, ibi ìkàwé ayélujára ti MAME fúnra rẹ̀ ló sì ti ń fún ni. Àwọn mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe tuntun lónìí ní àṣà àtijọ́, tí wọ́n sì ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tà lówó díẹ̀. Mẹ́fà péré ló wà nínú tiwa. Ọmọ mi kùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kò kùn mọ́.

Iná ńkọ́? Raspberry Pi 4 ń lo fóólítì márùn-ún, ẹ̀rọ iná tirẹ̀ sì jẹ́ ti áḿpíà mẹ́ta, ìyẹn ni pé kò jẹ iná rárá. Mọ́nítọ̀ ló ń jẹ ẹ́ jù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sórí káàdì, káàdì náà lè bàjẹ́. Ẹ so ó mọ́ ínfátà bí ẹ bá ní, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà káàdì náà sí ibòmíràn. Ẹ dá ihò sí òkè ẹ̀yìn àpótí kí ooru lè jáde, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Eruku ọyẹ́ Àbújá kì í bèèrè kó tó wọlé. Ẹ má kan ẹ̀yìn àpótí pa pẹ̀lú ìṣó, skúrúù ni kí ẹ lò. Ẹ máa ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ṣe é, Sátidé àti àwọn alẹ́ díẹ̀. Mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà ló jẹ owó jù. Àbúrò ọmọ mi ló yan ọ̀dà, nítorí kò tíì rí nǹkan ṣe nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àpótí náà fi jẹ́ àwọ̀ àlùkò pẹ̀lú ìràwọ̀ funfun. Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Báyìí, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, Bàbá á pa rédíò rẹ̀, á fa àga rẹ̀ sídìí tábìlì. Kò mọ géèmù náà ṣe rárá. Ọmọ mi ń nà án lójoojúmọ́, ó sì ń kà á sí i lórí. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbọ́ tí ọmọ náà dá eré dúró láàárín. Ó di ọ̀pá ìdarí apá ọ̀dọ̀ Bàbá mú, ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì.

“Bàbá, ẹ wò ó. Tiyín ti dẹ̀.”

Bàbá fọwọ́ kàn án. Ó ní lóòótọ́ ni. Wọ́n ti fi àárọ̀ ọ̀la sí i láti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ náà sì ti kó skúrúùdíráfà àti mítà sórí tábìlì láti alẹ́.